Gbèsè Kò Sọ Ọmọlúàbí Di Olè



A fẹ́ fi obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. A kò dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àpẹẹrẹ ni a fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Sabon Gari ní Kánò yóò mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ó ń ta aṣọ ní ọjà. Ilé-ìwé wọlé, owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà kò sì yá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì fi áàpù ayánilówó kan hàn án lórí fóònù, ó ní: "Màmá, wọn kì í béèrè onídùúró. Láìpẹ́ láìjìnnà, owó á ti wọlé." Obìnrin yìí yá ₦20,000. Kí owó náà tó wọlé, áàpù náà béèrè bóyá ó gbà kí àwọn wo gbogbo orúkọ àti nọ́mbà tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo gbà" sí. Owó ilé-ìwé ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò mọ̀ pé gbogbo ẹni tí òun mọ̀ láyé ni òun fi ṣe onídùúró yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, owó kò pé. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, fóònù ọkọ rẹ̀ dún. Lẹ́yìn náà ni ti àna rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà ni ti alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé-kéú. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn rí gbà, àwòrán obìnrin náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé olè ni, pé ó ti gbé owó sá lọ, pé kí ẹni tó bá rí i fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí kò sá lọ síbì kankan. Ìdí ìsọ̀ rẹ̀ ló jókòó sí.

Ǹjẹ́ ó jẹ gbèsè? Bẹ́ẹ̀ ni. Ǹjẹ́ ó di dandan kí ó san án? Ó di dandan. Ǹjẹ́ ẹni tó yá a lówó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ohun tí ó ṣe yìí? Rárá o. Òfin orílẹ̀-èdè yìí kò fún un ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn wa kò sì fún un. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ìdáhùn wọ̀nyí lè tìtorí ₦20,000 pàdánù ohun tí mílíọ̀nù náírà kò lè rà padà.

ORÚKỌ NI DÚKÌÁ ARÁ SABON GARI

Ìlú Tuntun ni ìtumọ̀ Sabon Gari ní èdè Haúsá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1911 ni ìjọba amúnisìn ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn tó ń bọ̀ láti apá gúúsù. Àwọn bàbá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, láti Ìlọrin, láti Abẹ́òkúta, láti Ìjẹ̀bú àti láti ìlú mìíràn. Wọn kò ní ilẹ̀ ìdílé níbẹ̀ tí wọ́n lè fi dúró fún owó, wọn kò sì ní agbo-ilé ńlá tí yóò jẹ́rìí sí wọn. Ohun tí wọ́n ní ni orúkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ dára ni wọ́n ń kó ọjà fún ní àwìn, tí yóò tà á, tí yóò san owó olówó, tí yóò sì mú èrè rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé fi dìde nìyẹn, òun náà ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹun títí di òní.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ń pọn omi ní ibì kan náà. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ẹnì kan ní òwúrọ̀, gbogbo ilé ló gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dójú ti onígbèsè ní Sabon Gari kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ohun tí àwọn ayánilówó inú fóònù mọ̀ nípa wa nìyẹn, òun ni wọ́n sì ń fi gba owó.

OLÓGÒ ÀTIJỌ́ ÀTI OLÓGÒ INÚ FÓÒNÙ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn òyìnbó tàbí àwọn onífóònù ló kọ́kọ́ mú irú ìwà yìí wá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ ológò láyé àtijọ́. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san án, tí wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀, tí owó kò sì jáde, olówó a lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú, wọn a sì yọ̀ǹda ológò fún un. Ológò a wọ ilé onígbèsè, a dógò tì í. A jókòó síbẹ̀, a máa bú èèyàn, a máa pa adìẹ tó bá rí, a máa pàṣẹ oúnjẹ bí ọba. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni a ń fìyà jẹ, gbogbo ilé ni. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí ara bá ni gbogbo ilé, àwọn fúnra wọn ni yóò fi dandan lé e pé kí onígbèsè wá owó náà rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dé, àwọn tí a ń pè ní Òṣómàáló. Wọ́n ń ta aṣọ ní àwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò náà a sọ pé lílóṣòó ni òun yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà títí owó òun yóò fi pé. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ wọn ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí á fi òdodo sọ̀rọ̀. Òṣómàáló lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, kò lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ológò pàápàá, bí ó ti le tó, àṣẹ ìlú ló gbà kí ó tó wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ẹjọ́. Ológò inú fóònù kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé-ẹjọ́, kò sì sí ilé kan pàtó tí ó dógò tì. Gbogbo ilé tí nọ́mbà wọn bá wà lórí fóònù yín ló dógò tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lónìí, òṣìṣẹ́ kóòtù tó gba ìwé àṣẹ adájọ́ dání nìkan ni òfin gbà kí ó wá gbé ẹrù ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè. Ẹni yòówù tó bá ṣe é láìsí ìwé yẹn, ológò tí kò láṣẹ ni.

OHUN TÍ ÌJỌBA TI ṢE

Ní ọdún 2019, ẹjọ́ kan dé ọ̀dọ̀ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìbánisọ̀rọ̀. Ẹnì kan yá owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Soko Lending. Ọjọ́ pé, owó tó wà ní báńkì rẹ̀ kò tó. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀, àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa owó náà. NITDA wádìí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹni tó yá owó náà kò jẹ gbèsè. Ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ̀bi ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ gbèsè lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kàn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tí a mọ̀ sí FCCPC, pẹ̀lú àwọn àjọ ìjọba mìíràn, gba àṣẹ ilé-ẹjọ́, wọ́n sì ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan ní Ìkẹjà ní ìlú Èkó. Babatunde Irukera ni olórí àjọ náà nígbà náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, FCCPC gbé ìlànà jáde pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa yá àwọn ará ìlú lówó lórí fóònù gbọ́dọ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Google náà sọ pé láti òpin oṣù Kìíní ọdún 2023, áàpù ayánilówó tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò ní sí nínú ìsọ̀ áàpù òun ní Nàìjíríà mọ́. Láàárín ọdún 2023 yẹn náà ni wọ́n sọ pé irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wo orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ tàbí àwòrán tó wà nínú fóònù ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo àṣírí àti ìsọfúnni àwọn ará ìlú. Àjọ NDPC ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ìlànà tuntun ti FCCPC lórí yíyánilówó láti orí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú wọn, ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ti owó sínú àpò báńkì ẹni tí kò béèrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ gbogbo owó tí oníbàárà yóò san kedere. Ilé-iṣẹ́ tó bá rú òfin náà lè san ìtanràn tó tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún.

Kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa nìkan ló ṣe irú òfin báyìí. Láti ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lórí àwọn tó ń bá ẹlòmíràn gba gbèsè. Wọn kò gbọ́dọ̀ pe onígbèsè kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ gbèsè rẹ̀ fún aládùúgbò tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ibi tí òfin tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ náà ni tiwa dé báyìí, pé ọ̀rọ̀ gbèsè kò gbọdọ̀ kọjá àárín ẹni méjì tó dá a sílẹ̀, àfi bí ó bá dé iwájú adájọ́.

ỌLỌ́PÀÁ KÌ Í ṢE AGBOWÓ GBÈSÈ

Kì í ṣe orí fóònù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ọjà wa, ìhàlẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni pé "Màá jẹ́ kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé." Olówó a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, onígbèsè a sùn síbẹ̀, ẹbí a wá sáré kó owó jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí òfin ṣe wí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 32 òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àìsan gbèsè lásán tàbí nítorí àdéhùn tí kò ṣẹ. Òfin kan náà kò gbà kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Bí wọ́n kò bá bá ọkọ nílé, wọn kò lè mú ìyàwó rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ gbèsè, wọn kò lè ti bàbá rẹ̀ mọ́lé. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ wa náà ti sọ ọ́ ní ọdún 2018, nínú ẹjọ́ Diamond Bank àti Opara, pé iṣẹ́ agbowó gbèsè kọ́ ni wọ́n dá EFCC sílẹ̀ fún.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdajì òfin tan ara yín jẹ. Gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba, ìwà jìbìtì ni ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba. Ẹni tó parọ́ láti fi gba owó, tí ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní san án, ọ̀daràn ni, ọlọ́pàá lè mú un. Bákan náà, láti ọdún 1977 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá kọ ìwé sọ̀wédowó fúnni nígbà tí kò sí owó ní báńkì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, bí olówó bá ní kí ẹ kọ sọ̀wédowó ọjọ́ iwájú fún òun, tí kò sì dá yín lójú pé owó yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má kọ ọ́. Ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà ni pé ẹ ń fi ọwọ́ ara yín sọ gbèsè di ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ báńkì ni ẹ jẹ ní gbèsè, ẹ mọ èyí pẹ̀lú: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbà kí báńkì tí a jẹ lówó mú owó rẹ̀ nínú àpò owó tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ nọ́mbà BVN. Yíyí báńkì padà kò lè fi gbèsè pamọ́.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀ SÍ YÍN

Èkíní, ẹ má sá. Ẹni tó bá pa fóònù rẹ̀ tí ó sì kúrò nílé ti bá wọn fi ẹ̀rí kún irọ́ wọn. Ẹ kọ̀wé sí olówó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́rin lórí fóònù. Ẹ sọ iye tí ẹ yá, iye tí ẹ ti san, iye tí ẹ lè máa san lóṣooṣù àti ọjọ́ tí ẹ óò bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìṣirò owó náà fún yín, kí owó tí ẹ yá àti ohun tí wọ́n fi lé e lórí wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí yín pé ẹ kò sá.

Èkejì, ẹ tọ́jú ẹ̀rí. Inú a máa bí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pa ọ̀rọ̀ burúkú rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, ẹ kọ nọ́mbà tó pè yín, ọjọ́ àti àkókò. Ẹ bẹ àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí pé kí àwọn náà tọ́jú tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò fóònù yín, kí ẹ gba àyè wíwo orúkọ àti àwòrán kúrò lọ́wọ́ áàpù náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ẹjọ́ lọ sí ibi tó yẹ. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù ló hu ìwà náà, FCCPC ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n tú àṣírí yín tàbí ti ojúlùmọ̀ yín síta, ọ̀rọ̀ NDPC nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ báńkì ńlá tàbí báńkì kékeré, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí báńkì náà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn gidi, ẹ gbé e lọ sí Báńkì Àpapọ̀. Bí wọ́n bá fi ikú tàbí ìpalára halẹ̀ mọ́ yín, ìgbà yẹn ni àgọ́ ọlọ́pàá kàn, ẹ̀yin sì ni olùfisùn.

Ẹ̀kẹrin, bí ọlọ́pàá bá ránṣẹ́ pè yín nítorí gbèsè, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ. Ẹ mú àgbà kan tàbí agbẹjọ́rò dání, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ sí olówó dání, kí ẹ sì fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ gbèsè ni, ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ sì ni. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí agbára wọn kò ká a.

ẸNI TÍ ÀTẸ̀JÍṢẸ́ NÁÀ DÉ Ọ̀DỌ̀ RẸ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti kan gbogbo ilé, títí kan ẹ̀yin tí ẹ kò yá kọ́bọ̀ rí. Ayánilówó inú fóònù kò mọ ilé obìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kò lè wá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀. Gbogbo agbára tí ó ní ni pé àwa tí a bá rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà yóò gbà á gbọ́, a óò fi han ẹlòmíràn, a óò sì yí ojú padà fún obìnrin náà lọ́jọ́ kejì. Àwa ni pàṣán tí wọ́n fi ń nà án. Bí pàṣán bá kọ̀, kí ni wọn yóò fi nà án?

Ọlọ́hun kọ́ wa nínú Suuratul Hujuraat pé bí aláìgbọràn bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀ dájú, kí á má baà ṣe àwọn kan ní ìbí, kí á sì kábàámọ̀ lẹ́yìn náà. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì sọ fún wa pé ẹni tó bá bo àṣírí mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀. Nítorí náà, bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbé e sí orí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀rí, kí ẹ sì pe ẹni náà ní kọ̀rọ̀, kí ẹ bi í pé: "Mo rí nǹkan kan gbà. Ṣé kò sí o? Kí ni a lè ṣe sí i?" Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀YIN TÍ WỌ́N JẸ LÓWÓ ÀTI Ẹ̀YIN TÍ Ẹ JẸ GBÈSÈ

A mọ̀ pé àwọn kan ń ka èyí tí wọ́n ń sọ pé, "Àwa tí wọ́n kó ọjà wa lọ ní àwìn ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó yín, kí ẹ sì béèrè léraléra. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pe onígbèsè lọ sí ilé-ẹjọ́. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti dá kóòtù sílẹ̀ fún gbèsè kékeré, tí owó rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tí ẹjọ́ náà sì yẹ kí ó parí láàárín 60 ọjọ́. Kánò náà ti ní irú rẹ̀. Àwọn mùsùlùmí ní Kánò tún lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù Ṣàríà, tàbí kí wọ́n jókòó fún ìlàjà níwájú àwọn àgbà jánmọ̀ọ̀. Ohun tí ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí ni pé kí ẹ kó jàǹdùkú lọ sí ilé rẹ̀, kí ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, kí ẹ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, tàbí kí ẹ dìde ní ibi ìsọmọlórúkọ kí ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mọ́sáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà. Kaʿb ọmọ Maalik ń béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ohùn wọn sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi gbọ́ ọ láti inú ilé. Ó yọjú, ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí Kaʿb pé kí ó yọ ìdajì kúrò. Kaʿb gbà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún onígbèsè pé kí ó dìde, kí ó san ìyókù. Ẹ wo bí ìdájọ́ náà ṣe rí. Olówó ṣàánú, onígbèsè sì dìde lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n dójú tì.

Nínú Suuratul Bakọra, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí á fún un ní àyè títí ìrọ̀rùn yóò fi dé, pé bí a bá sì fi ṣe sàdáákà, ó dára jù fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ àyè yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní. Ẹni tó ní owó tí ó ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, Ànábì pe ìwà rẹ̀ ní àbòsí. Ẹni tó ń ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá tuntun nígbà tí owó olówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè fi àpilẹ̀kọ wa yìí sá sábẹ́ òfin. Àwọn àgbà ní, a yá ẹgbàafà a kò san án, a bẹ́gi dínà ẹgbèje. Gbogbo ẹni tó bá kọ̀ láti san, ọ̀nà ẹni tí yóò yá owó lẹ́yìn rẹ̀ ló ń dí.

Èyí tó sì ti yẹ kí ó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni pé kí a tó yá owó, kí a wo ẹni tí a fẹ́ yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Owó èlé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ń gbà, a sì mọ ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa èlé. Àwọn báńkì tí kì í gba èlé wà. Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2012, Kánò sì wà lára ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn sí. TAJBank àti Lotus tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti àjọ tí à ń dá láàárín ara wa náà wà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ìwé àwọn tí FCCPC fún láṣẹ. Èyí tó bá ní kí òun wo orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ yín, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́hun tún pàṣẹ fún wa pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ìwé kékeré láàárín ìyá ọlọ́jà méjì kì í ṣe àìfọkàntánni, ààbò ni fún àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdí ìsọ̀ obìnrin wa. Gbèsè ₦20,000 wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì san án, in shaa Allah, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la, nígbà tí ó bá ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ojú wa ni yóò kọ́kọ́ wò láti mọ̀ bóyá olè ni òun. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ wa. Kí ẹ kí i bí ẹ ti máa ń kí i. Kí ẹ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa san gbèsè tó wà lọ́rùn wa, kí Ó má fi wá ṣe aláìní tí yóò tọrọ, kí Ó má sì fi wá ṣe olówó tí yóò fi owó tẹ ọmọlàkejì mọ́lẹ̀. Aamiin.